Bí a kò bá ta ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, èrè wo ló wà níbẹ̀?

Aláró Kubwa:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àbújá, Kubwa ni mo sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ọjọ́ Sátidé. N kò lọ kọ́ ọ níbì kankan. Abẹ́òkúta ni ìyá ìyá mi ti fi ṣe iṣẹ́ jẹun, èmi tí mo sì máa ń jókòó tì wọ́n nígbà ọlidé kò rántí ju ìdajì lọ nínú ohun tí mo rí. Ìdajì tó kù, aṣọ tí mo ti bàjẹ́ ni ó kọ́ mi. Ní àárọ̀ Sátidé màá ro láfún, màá fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, màá sẹ́ ẹ kí ó má baà ní kókó, lẹ́yìn náà ni màá tẹ́ aṣọ òwú funfun sórí tábìlì, tí màá sì máa fi ìyẹ́ adìyẹ fa ilà sí i títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Nígbà tí mo bá máa fi gbé orí sókè, àwọn ọmọ á ti jẹun tán, wọ́n á ti fọ abọ́, n kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ mi kékeré, ìyẹn àbúrò baálé mi, wá kí wa láti Lọ́kọ́jà. Wọ́n rí aṣọ mẹ́rin lórí okùn, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, èló lẹ ń ta ọ̀kan?" Mo ní n kì í tà á. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ó ń wo ẹni tí ó fi agbọ̀n pọn omi. Wọ́n bá mú gègé àti ìwé jókòó, wọ́n ṣírò owó aró, owó aṣọ, àti owó omi tí mo ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, wọ́n sì bi mí pé irú eré wo ni ó ń gba owó báyìí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. N kò lè sọ pé wọ́n parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti mú ìyẹ́ lọ́wọ́, iye owó ni mo ń rò, ilà mi kò sì tọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọnà fún ìgbádùn, kí ni ẹ ń rí níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣàlàyé fún ẹni tí ó mú gègé àti ìwé lọ́wọ́? Àbí kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í tà á?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ṣe iṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kóróṣè híhun ni mo sì fi ń gba ara mi sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa kò ní ibi tí ènìyàn ti ń sọ pé ó parí: bí aláìsàn kan bá ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni òmíràn ń dùbúlẹ̀, bí ènìyàn bá sì ṣe é fún ogún ọdún, kò sí ohun kan tí ó lè na ìka sí pé èyí ni mo ṣe. Fìlà ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, mo sì lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tí mo bá dé ilé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí oorun kò wá, tí ariwo wọ́ọ̀dù ṣì ń dún ní etí mi, màá mú abẹ́rẹ́ kóróṣè, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú òwú, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí yóò fi pé méjìlá kí n tó yí i padà. Orí tí ó ń ka ojú òwú kò ráyè ro nǹkan mìíràn. Bí ó bá rò ó, ojú kan yóò fò, fìlà yóò sì wọ́. Bí ó bá wọ́, màá tú u. Níbi iṣẹ́ mi, àṣìṣe tí ó ṣeé tú kò pọ̀. N kò mọ ibi tí ènìyàn máa fi èyí sí nínú ìṣirò ọkọ yín kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí n lè padà lọ ní alẹ́.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ nọ́ńbà, ẹ fún wọn ní èyí. Ní 2016, àwọn oníwádìí kan ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 39 jọ, wọ́n fún wọn ní amọ̀, gègé aláwọ̀ àti ìwé tí wọ́n lè gé lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe ohun tó wù ú fún ìṣẹ́jú 45, wọ́n sì yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Cortisol, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí wàhálà bá dé bá a, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ kò rí i gbà ju ẹni tí kò ṣe é rí lọ.

Ọmọ Sábó, Kánò:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa, èmi yóò gba ọ̀nà mìíràn, nítorí mo ti ń rí i pé a fẹ́ sọ owó di ẹlẹ́bi. Ẹ wá sí Kofar Mata níbí ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ sínú kòtò aró láti 1498, kí ẹ wo bí àgbà aláró ṣe ń ri aṣọ bọ inú kòtò tí ó ń fà á jáde, tí ó ń gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí ó tún ń rì í padà, kí ẹ wá sọ fún mi pé kò gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń gba owó lórí rẹ̀. Ìyá ìyá Aláró fúnra wọn, ṣé kò wù wọ́n ni, tàbí pé nítorí wọ́n fi tọ́ ọmọ ni kò fi dùn mọ́ wọn? Ẹni tí ó kọ́kọ́ ya òpó gbọ̀ngán Mápó sórí aṣọ tí wọ́n wá ń pè ní Ìbàdàndùn, ọjà ni ó gbé e lọ.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Ẹ ta aṣọ méjì nínú mẹ́rin, kí owó aró máa ti inú aró jáde, kí ẹni tí ó mú gègé lọ́wọ́ lè gbé e sílẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀ Gwarinpa:

Àbúrò mi Ọmọ Sábó, irú ìmọ̀ràn yìí gan-an ni wọ́n gbà mí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mo sì gbọ́, ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe yọrí.

Mo máa ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ara mi àti fún àwọn àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wọ ọ̀kan lọ sí ìgbéyàwó ní Garki, nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, ènìyàn mẹ́fà ti pè mí. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀ ní ọjà Wuse, mo ra okùn, mo tẹ káàdì. Ní oṣù kẹta, ìyàwó tuntun kan ní kí n sín ti òun àti ti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́jọ. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ iyùn ni òun fẹ́. Nígbà tí mo ti sín mẹ́rin, ó ní ìyá ọkọ òun ní àwọ̀ wúrà. Nígbà tí mo tú u tí mo tún un sín, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ láti orí fóònù pé ṣé kò lè rí báyìí. Aago méjì òru ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni mo parí ọ̀kan tó gbẹ̀yìn. Ìka mi ti bó. Ìdajì owó ni mo gbà, ìdajì kejì ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Kì í ṣe owó náà ni ó dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé mo gbé àpótí ìlẹ̀kẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì ṣí i fún oṣù mọ́kànlá. Bí mo bá rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ènìyàn, àyà mi á já bí ìgbà tí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ń bọ̀. Ọmọ mi obìnrin ni ó fa àpótí náà jáde ní ọjọ́ kan tí iná lọ, ó ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ó kó pupa, ewé, dúdú àti èyí tó ti fọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, kò wo bóyá wọ́n bá ara mu. Mo jókòó tì í láti bá a so ó, ilẹ̀ sì ṣú bá wa níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní òfin kan, òun sì ni n ó fi lé Aláró lọ́wọ́. Bí mo bá ti sín ìlẹ̀kẹ̀ kan tán, tí ó wu ẹnìkan, ó lè rà á, n ó sì gba owó mi tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó máa sọ ohun tí n ó ṣe fún mi kí n tó ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó máa dá ọjọ́ fún mi. Èyí tí mo ti ṣe ni mo ń tà, n kì í ta èyí tí mo fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ni mo tà láàárín ọdún, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Olùkọ́ Keffi:

Ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí Onílẹ̀kẹ̀ sì fi ojú ara wọn rí yìí, àwọn onímọ̀ ti dán an wò lára àwọn ọmọdé. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tí wọ́n lò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n ti fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn kan pé bí wọ́n bá yàwòrán, wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí tí ó ní ìràwọ̀ wúrà àti ríbọ́ọ̀nù. Àwọn kan gba irú ìwé ẹ̀rí kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn ṣáájú. Àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n kó gègé aláwọ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ń wo ẹni tí yóò mú un. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún fi nǹkan bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò yàwòrán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ọ̀wọ́ kejì. Àwọn ọmọ tí ẹ̀bùn bá lójijì, tí kì í ṣe pé wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún wọn, kò pàdánù ìfẹ́ wọn sí àwòrán. Nítorí náà, Ọmọ Sábó kò jẹ̀bi pátápátá, owó nìkan kọ́ ni ó ba ti Onílẹ̀kẹ̀ jẹ́. Owó tí ó dé lẹ́yìn iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó tí ó dúró dè ọ́ níwájú iṣẹ́ tí ó ń sọ ibi tí ìwọ yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Onígángan Jos:

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá wa ti wá ṣòwò dé Jos, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gángan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó mi ní kí n máa gbé e lọ sórí àpáta, n kò sì bá a jiyàn, nítorí àpáta kò wọ́n wa níbí. N kò lè gba owó fún un, kò sì sí ẹni tí ó máa san án. Èrè tèmi ni pé kí n tó kọ́ bí a ṣe ń fún ọṣán lábẹ́ apá kí ohùn lè gòkè, ijó lásán ni mo ń jó níbi àríyá. Ní báyìí mo ń gbọ́ ohun tí onílù ń sọ nípa mi. Ó bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ láti mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, owó ni wọ́n ń bèèrè.

Ará Suleja:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tí ó mú owó ogún náírà jáde nínú àpò. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin amọ̀kòkò tí ẹ rí níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali, tí kò jìnnà sí Gwagwalada níbi tí Nọ́ọ̀sì ń gbé. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ ní kékeré. Wọ́n á ká amọ̀ bí okùn, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á sì máa yí ìkòkò náà po bí wọ́n ṣe ń gbé e ga, nítorí kò sí ohun tí ó ń yí amọ̀ fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ìkòkò omi àti ìkòkò oúnjẹ ni. Kí ó gbẹ, kí ó má jò, kí ó mú omi tutù, ó ti parí. Síbẹ̀, kí amọ̀ náà tó gbẹ, Ladi Kwali yóò mú ohun mímú, yóò fín alángbá, ejò, àkéekèé àti ẹyẹ sí i lára. Omi kò bèèrè alángbá. Ẹni tí ó ń pọn omi kò ní mu ju bí ó ti ń mu lọ nítorí àkéekèé. Bí a bá mú gègé àti ìwé jókòó ti ìkòkò yẹn, gbogbo àkókò tí ó fi fín ẹranko sí i ni a máa kọ sí abala àdánù.

Àwọn ẹranko yẹn wà lára ohun tí ó mú kí Ẹ́míà Àbújá ayé ìgbà náà, Suleiman Barau, kó ìkòkò rẹ̀ sí ààfin, níbi tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti rí wọn ní 1950. Suleja wa yìí ni Àbújá nígbà náà, kí ìjọba tó gba orúkọ náà lọ fún olú-ìlú tuntun tí wọ́n pinnu láti kọ́ ní 1976. Cardew dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ níbí, Ladi Kwali sì wọ ibẹ̀ ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òkìkí dé, ó rin ìrìn-àjò, owó náírà sì gbé àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń fín alángbá kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé.

Mo máa ń mọ abọ́ kékeré fúnra mi, kò sì dára. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń nípọn jù, èyí tí mo sun ní oṣù tó kọjá là sí méjì. Mo fín ẹja sí i lára, ibi tí ó ti là náà sì gba àárín ẹja kọjá. Mo so méjèèjì mọ́ ara ògiri.

Olùkọ́ Zaria:

N kò ní pẹ́. Aláró, ẹ wá ẹnìkan tàbí méjì tí ẹ ó jọ máa ṣe é. Ní Zaria níbí, ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó padà di Ahmadu Bello University. Yusuf Grillo, Uche Okeke, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya wà nínú wọn. Kò sí máàkì fún ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n kàn ń jókòó yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n sì ń jiyàn lórí bí iṣẹ́ ọnà ilé wọn àti èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ṣe lè jọ gbé pọ̀. Ẹni tí ó ń dá nìkan ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé ni yóò gbà gbọ́, bí ó bá sì jẹ́ pé oníṣirò ni ó kọ́kọ́ wọlé, ẹ rí ibi tí ó já sí.

Ọmọ Sábó, Kánò:

Mo gba ti ọ̀wọ́ kejì yẹn, ọ̀gá Keffi. Mo sì gba òfin Onílẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá wa lọ bá ìyàwó tuntun yẹn gba ìdajì owó tó kù.

Aláró Kubwa:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ará Suleja fún àwọn ọmọ, èyí àbíkẹ́yìn sì ti ń yí owó ogún náírà wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá rán an níṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tẹ́ aṣọ Ìbàdàndùn kan. Ọyẹ́ mú gan-an ní Kubwa, láfún tí mo fà kò tíì jókòó dáadáa kí ó tó gbẹ, ó sì sán káàkiri orí àwọn òpó Mápó bí ilẹ̀ àbàtà tí omi ti gbẹ lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo lè fọ̀ ọ́ kúrò kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo rì í sínú aró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọ láfún kúrò, aró ti gba inú gbogbo sísán yẹn wọlé, ilà búlúù tín-ín-rín ti tàn ká ara òpó funfun bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà. Mo dúró tì í lábẹ́ okùn títí ọwọ́ mi fi tutù.

Ọkọ mi kékeré pè lálẹ́ Sọ́ńdè. Mo sọ òfin Onílẹ̀kẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn fẹ́ ra ọ̀kan fún bùbá àti ṣòkòtò. Mo ní kí wọ́n wá yan nínú èyí tó wà lórí okùn. Wọ́n ní ṣé kò lè jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo ní rárá o, ọkọ mi.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí a lè ṣe sí láfún nínú ọyẹ́ kí ó má baà sán, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kí ó má kánjú, nítorí mo ti tẹ́ aṣọ mìíràn sílẹ̀ de Sátidé tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ó sán.